Fáàfù Tó Kọ̀ Tí Kò Pọ́n

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kìíní

Apaná mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́, àti ọ̀gá rẹ tó máa ń pariwo? Àwa náà wà níbí, a kò sanra, a kò sì rù ju bó o ṣe fi wá sílẹ̀ lọ. Ìyá rẹ ń kí ọ. Láti òwúrọ̀ ló ti jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń rán, kò ráyè èmi tí mo fẹ́ ẹ sílé.

Ẹrù rẹ ti dé. Èmi fúnra mi ni mo tú u, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Fáàfù méjèèjì, àwọn ìgò oníná tí mo fẹ́ fi sọ ohùn di ńlá, wà lódidi, gíláàsì wọn ò ní àléébù kankan. O mà mọ ẹrù dì o! O fi súwẹ́tà wé wọn bí ẹni wé ọmọ tuntun. Ìyá rẹ ti gba súwẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó ní òórùn rẹ ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹṣin ni mo sọ ọ́. Ara fíríìjì tó bàjẹ́ ni mo ti gé páànù àpótí rẹ̀. Tiráńsífọ́mà inú rẹ̀ wúwo débi pé èmi àti kápẹ́ńtà ìsàlẹ̀ la jọ gbé e gun àtẹ̀gùn, ó ṣì ń bú mi títí di òní. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí rédíò mi kékeré máa sọ̀rọ̀ sínú Ẹṣin, kí Ẹṣin sọ ohùn náà di ńlá, kó gbé e dé yàrá rẹ. Ó ti sú mi kí n máa kí ọ lórí ìwé.

Ìjánu nìkan ló kù. Ṣé o rántí? Fáàfù tí kò ní ìjánu, ńṣe ni iná á máa ya gba inú rẹ̀ kọjá títí á fi jó. Iná kékeré kan la fi ń dá a lọ́wọ́ kọ́, òun la ń pè ní ìjánu. Tí ìjánu bá le jù, ohùn á máa gé, á máa ha èèyàn létí. Tó bá dẹ̀ jù, irin àárín fáàfù á pọ́n bí ẹyinná. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ìgbà tó o wà lọ́mọdé náà ni màá ṣe é: màá fi aṣọ dí fèrèsé kí yàrá ṣókùnkùn, màá máa dẹ ìjánu díẹ̀díẹ̀ títí irin náà á fi yọ pupa tín-ín-rín, màá wá fà á padà títí pupa náà á fi lọ. Ìwọ lo máa ń pa iná yàrá fún mi nígbà yẹn, ìyẹn ló sọ ọ́ di Apaná.

Mítà tó o fi sínú ẹrù ńkọ́? Kí lo fi mí pè? Mo ti ń fi ojú mi wọn fáàfù kí èmi àti ìyá rẹ tó mọra. Mo ti gbé e sórí àpótí aṣọ.

Láwọn ọjọ́ Àìkú oṣù tó ń bọ̀, tó bá di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwa, tan rédíò rẹ sí ibi tí mo fi hàn ọ́, kí o tẹ́tí. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìyẹn fa ọkàn rẹ wálé o. Ọdún kan péré ló kù kí o gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ. Mi ò fẹ́ gbúròó ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà yìí kó tó dìgbà náà.

Èmi ni, bàbá rẹ.


Ọjọ́ ogún oṣù Kejì

Bàámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ ní kí wọ́n má wulẹ̀ fọ súwẹ́tà yẹn tó bá jẹ́ òórùn mi ni wọ́n ń fẹ́.

Mo ti tẹ́tí ní ọjọ́ Àìkú méjì. Ariwo ni mo gbọ́, ṣáá ṣáá ṣáá, bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn, títí onílé mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ìgbálẹ̀ gbá ògiri. Mi ò gbọ́ yín, Bàámi. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè jẹun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ mítà. Mi ò fi yín pe ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ yìí, òṣùwọ̀n là ń tún ṣe, òṣùwọ̀n ilé oògùn, òṣùwọ̀n ilé-iṣẹ́ ńlá. Ọ̀gá mi kì í fẹ́ gbọ́ "ó jọ bíi pé". Ẹni tó bá fi ojú wọn nǹkan níbẹ̀, ìta ló máa bá ara rẹ̀. Àwọn fáàfù tuntun yìí kì í ṣe irú tàtijọ́ tẹ́ ẹ mọ̀. Kí irin wọn tó pọ́n rárá, wọ́n ti jìyà kọjá ààlà. Ẹ so mítà mọ́ ọn, kí ẹ dẹ ìjánu títí abẹ́rẹ́ á fi dúró lórí ọgọ́rùn-ún, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tán.

Ẹ sì dákun, iná inú Ẹṣin yẹn kì í ṣe irú èyí tó ń ta èèyàn tí à ń fi ṣẹ̀rín. Ó ń pani ni. Tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, kí gílóòbù pupa kékeré tẹ́ ẹ máa ń fi síwájú ẹ̀rọ yín kọ́kọ́ kú ná, kí ẹ sì ki ọwọ́ òsì bọ sápò, kí iná má baà gba àyà yín kọjá, bí ẹ ṣe kọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Kí ló ṣe ìkọ̀wé yín tó ń tóbi báyìí? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló ń gba ìlà kan. Ṣé kálámù ló ń bínú ni àbí èmi lẹ ń pariwo mọ́?

Ọmọ yín, Apaná.


Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta

Apaná,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Mo kí ọ, ó tó bẹ́ẹ̀, nítorí inú ń bí mi.

Wọ́n lù ọ́ ní jìbìtì. Àwọn fáàfù tó o rà yẹn, òkú ni wọ́n! Mo ti pa fèrèsé dé, mo ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí etí ilẹ̀kùn, mo jókòó sínú òkùnkùn bí olè, mò ń dẹ ìjánu, mò ń dẹ ìjánu. Pupa kankan ò yọ. Mo tún dẹ̀ ẹ́. Kò pọ́n! Iná funfun tí gbogbo fáàfù máa ń tàn nísàlẹ̀ nìkan ni mò ń rí, ó kàn tàn yẹbẹyẹbẹ kálẹ̀. Fáàfù wo ni wọ́n á dẹ ìjánu rẹ̀ tó báyìí tí kò ní pọ́n? Ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ rédíò ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, fáàfù tí wọ́n bá mú wá fún mi tó bá ṣe báyìí, àkìtàn ni.

Ohun tó tún wá yà mí lẹ́nu ni pé àpótí náà ń gbóná. Ọ̀dà ara rẹ̀ ń rùn. Òjé tí mo fi lẹ wáyà mọ́ orí fáàfù ọwọ́ ọ̀tún yọ́, ó kán tó, tó, tó sílẹ̀, wáyà sì já. Mo rò pé òjé burúkú ni mo rà. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá gidi.

Má tún sọ ti mítà fún mi mọ́. Ṣé ìwọ lo fẹ́ máa kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ? Ìkọ̀wé mi tóbi nítorí pé ó wù mí kó tóbi.

Ohun tí màá ṣe nìyí. Òjé tuntun á dé kí oṣù tó parí. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù yìí, màá tú ìjánu náà sílẹ̀ pátápátá. Bó pọ́n o, bí kò pọ́n o, màá pè ọ́. Jókòó ti rédíò rẹ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta

Bàámi,

Ẹ má tan ẹ̀rọ yẹn. Ẹ forí jì mí pé mi ò kí yín. Ẹ má tàn án. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń kọ èyí, pẹ́ńsùlù ọ̀gá mi ni mo gbà, nítorí ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́ fẹ́ lọ.

Bàámi, òjé kì í déédéé yọ́. Kí òjé tó yọ́ lórí fáàfù, kó máa kán sílẹ̀, irin inú rẹ̀ ti pọ́n rekete. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀! Fáàfù yẹn pọ́n. Ó pọ́n níwájú yín, ẹ ò rí i.

Ọ̀rọ̀ fáàfù kọ́ rèé, ọ̀rọ̀ ojú ni. Mo ti kó gbogbo lẹ́tà yín láti ọdún tó kọjá sílẹ̀, mo tò wọ́n, mo wá rí bí ìkọ̀wé yín ṣe ń tóbi, tí ìlà ń wọ́ lọ sísàlẹ̀. Látìgbà wo, Bàámi? Ṣé Màámi mọ̀? Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbé mítà sórí àpótí aṣọ, àbí? Ẹ ò rí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Tí ẹ ò bá rí pupa irin fáàfù nínú òkùnkùn, báwo lẹ ṣe máa rí gílóòbù pupa kékeré tó ń sọ fún yín pé iná ṣì wà nínú ẹ̀rọ? Ẹ máa rò pé ó ti kú. Ẹ máa kiwọ́ bọ̀ ọ́. Bàámi, ẹ̀ẹ̀kan ni. Kò sí pé ẹ máa ké.

Èmi ni mo ra fáàfù yẹn. Èmi ni mo dì í, mo fi ránṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ra ohun tó máa pa bàbá mi. Tí ojú bá ń tì yín láti sọ fún Màámi, ẹ fún wọn ní lẹ́tà yìí kí wọ́n kà á. Màá bá yín sọ ìyókù fún wọn.

Apaná.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dá mi lóhùn.

Lánàá mo jókòó ti rédíò. Mo ń gbàdúrà kí n má gbọ́ nǹkan kan, nítorí mo ti kọ̀wé sí Bàámi pé kí wọ́n má tan ẹ̀rọ wọn. Màámi, mo gbọ́ wọn! Ohùn wọn wọlé bíi pé wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n pe orúkọ mi. Wọ́n ní, "Apaná, bàbá rẹ nìyí o, ṣé o ń gbọ́ mi?" Wọ́n wúkọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òjò ò tíì rọ̀. Lẹ́yìn náà nǹkan kan dún gbàmù, ohùn já, kò sì padà wá. Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo ti ń pe tẹlifóònù ilé oníkẹ́míìsì àdúgbò wa, kò wọlé. Mo tún pè é láàárọ̀ yìí, ńṣe ló ń ké túù, túù.

Màámi, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ẹ má sọ pé "bàbá rẹ sùn díẹ̀". Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Mo bẹ̀ yín.

Apaná yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Bàbá rẹ wà láàyè. Mo kọ ìyẹn ṣáájú kí o lè mí ná. Ó wà láàyè, ó ń jẹun, ó sì ń ṣe agídí.

Jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe jẹ́. O mọ̀ pé mi kì í wọ yàrá rédíò yẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti gbá ìdọ̀tí ibẹ̀ tí mo sì gbá irin rẹ̀ kan mọ́ ọn, ó ní kí n má dé ibẹ̀ mọ́, èmi náà ní kò burú, òun ló máa gbá a. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn mò ń rán ọrùn aṣọ, iná máṣíìnì mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ bá ti lanu lọ́hùn-ún, iná mi á wálẹ̀. Tó bá dákẹ́, á tún mọ́lẹ̀. Mo dìde pé kí n lọ bá a jà. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà báyìí, gbàmù!

Mo ṣílẹ̀kùn. Èéfín. Ọ̀kan nínú àwọn ìgò méjì yẹn, gíláàsì rẹ̀ ti rọ̀, ó ti fà wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Èkejì, irin inú rẹ̀ pọ́n, ó pọ́n débi pé ó mú ògiri pọ́n. Mo ní, "Bàbá Apaná, kí ló pọ́n báyìí?" Ó ní, "Kò sí ohun tó pọ́n." Ó sì ti ṣí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ kiwọ́ bọ inú rẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nípa rédíò, ṣùgbọ́n mo rí gílóòbù pupa kékeré níwájú rẹ̀ tó ń tàn roro. Mo pariwo tó jẹ́ pé kápẹ́ńtà gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Mo fa suwíìṣì ńlá ara ògiri wálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí irin orí ìgò yẹn nígbà náà. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí.

Ìgbà tí mo bú u tán ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìka mélòó ni mo nà. Ó ní kí n yéé fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ìka mélòó? Ó na ọwọ́ wá, ó fẹ́ fọwọ́ kà á.

Inú àpò ẹ̀wù rẹ̀ ni mo ti rí lẹ́tà rẹ. Ó ti já a. Ó ti mú un lọ sínú oòrùn pẹ̀lú gíláàsì tó máa ń fi wo nǹkan kéékèèké, òwúrọ̀ mẹ́ta, kò rí i kà. Lẹ́tà rẹ tó ṣáájú, yíǹkì dúdú lo fi kọ ọ́, ó tiraka ka ìyẹn. Èyí, pẹ́ńsùlù ni, ó ṣe bàìbàì. Ojú sì ń tì í láti gbé e fún mi, nítorí bí mo bá bi í léèrè pé kí ló dé tí òun ò lè kà á, kí ló máa wí? Ọmọ mi, o kìlọ̀ fún un tán, ìkìlọ̀ náà wà lápò àyà rẹ̀, ó sì tan ẹ̀rọ náà.

Mo kà á fún un. Ó ní kí n tún ka ibi tó o ti sọ pé ìwọ lo ra fáàfù yẹn. Mo tún un kà. Ó gbé ojú sí ògiri, ó sunkún. Èmi náà sunkún, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́?

A ti lọ rí dókítà ojú. Ó ní nǹkan funfun ló bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n lè bá a yọ tọ̀tún, á sì ríran. Tòsì ti pẹ́ jù. Wọ́n ní kó má fi falẹ̀. Òun ní òun ń rò ó. Ó ní òun ò fẹ́ kí o gbọ́, kí o má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí o sáré wálé. Ìdí tó fi ń bò ó mọ́lẹ̀ nìyẹn látọdún tó kọjá. Mo ti sọ fún ọ.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹrin

Bàámi, Màámi,

Mo kí ẹ̀yin méjèèjì. Yíǹkì dúdú ni mo fi kọ èyí, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà gadagba, kí Bàámi má bàa sọ pé àwọn ò rí i.

Mò ń bọ̀ wálé. Mi ò tọrọ àyè, mò ń sọ fún yín ni. Mo ti bá ọ̀gá mi sọ ọ́. Ó pariwo gan-an, lẹ́yìn náà ó ní òun náà ní bàbá rí, pé kí n máa lọ. Ìwé ẹ̀rí máa dúró, ẹ̀yìn tí mo bá padà dé ni màá gbà á. Bàámi, ẹ̀gbẹ́ yín ni màá wà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ojú yẹn. Ẹ lè bínú, ẹ lè kọ̀ láti bá mi sọ̀rọ̀. Mo ṣì ń bọ̀.

Apaná.


Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún

Apaná,

Bàbá rẹ ló ń sọ ọ́, èmi ìyá rẹ ni mò ń kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ bí òun bá ṣe sọ ọ́, kí n má fi ẹnu tèmi sí i. A ó máa wò ó.

Ó ní òun kí ọ. Ó ní ara òun le koko. Kò le, ó lọ forí gbá ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lánàá. Ó ní èyí tí mo kọ yẹn kò sí nínú ohun tí òun sọ. Mo ní mo mọ̀.

Ó ní fáàfù kan tó kù, òun ti fi ìjánu sí i lọ́nà tó tọ́, mítà rẹ ni àwọn sì lò. Èmi ni mo jókòó ti mítà. Mo ń pe abẹ́rẹ́ náà fún un, ó ń yí i: ó di àádọ́rin, ó di ọgọ́rin, rọra, rọra, ó di ọgọ́rùn-ún, dúró! Ọ̀nà tí mo fi ń wo ojú abẹ́rẹ́ kí n tó ki òwú bọ̀ ọ́ náà ni mo fi wò ó. Ó ní ohùn mi le jù fún iṣẹ́ yẹn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà ní sápò ní gbogbo ìgbà náà, mo rí i dájú.

Ó ní dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ ojú náà ní oṣù tó ń bọ̀, òun á gbà kí wọ́n ṣe é, nítorí kí n lè sinmi ariwo. Ó ń bẹ̀rù, ọmọ mi. Ó máa ń di ọwọ́ mi mú tó bá fẹ́ sùn, kò ṣe bẹ́ẹ̀ látijọ́.

Ó wá ní kí n fi lẹ́tà ńlá kọ eléyìí: kò gbọdọ̀ wá. Kó jókòó síbi iṣẹ́ rẹ̀, kó parí ohun tó bá lọ. Ó ní ọmọ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ojú òun, òun ò ní dá a lóhùn. Ó ní tó o bá dé ibí kó tó pé ọdún kan, òun á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ síta, òun ò sì ní ṣí i.

Mo ti kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Òun ló sọ ọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi sọ ọ́, lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Máa bọ̀, ọmọ mi. Bàbá rẹ ò rí ihò kọ́kọ́rọ́.

Ìyá rẹ.